Ọgbọ̀n ọdún lórí ìbéèrè kan náà: àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn tó ń wádìí èrò ará Palẹ́sítínì nípa ìjà

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, nínú ìpàdé àdúgbò wa, ọkùnrin kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ka nọ́ńbà kan sí wa létí láti orí fóònù rẹ̀: ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Palẹ́sítínì ló sọ pé ìpinnu tí Hamas, ẹgbẹ́ ológun tó ń ṣàkóso Gásà nígbà náà, ṣe láti kọlu Ísírẹ́lì ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá tọ̀nà. Ó ní ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, pé bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Ẹlòmíràn fèsì pé irọ́ pátápátá ni nọ́ńbà náà, pé àwọn ọ̀tá ló hùmọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó tíì ka ìwé tí nọ́ńbà náà ti jáde. Nígbà tí mo délé, mo wá ìwé náà rí, mo sì kà á tán lóru ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka gbogbo èyí tí ilé-iṣẹ́ náà ń gbé jáde, tí mo sì padà sẹ́yìn lọ ka àwọn tó ti pẹ́. Àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ wọn ni mo kọ síbí, fún ẹni tó bá ń gbọ́ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ tó sì fẹ́ mọ ìwọ̀n tí òun lè fi ọkàn tán an.

Palestinian Center for Policy and Survey Research ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, PCPSR ni wọ́n sì máa ń pè é ní ìgékúrú. Ìlú Ramallah ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ọdún 2000 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Khalil Shikaki tó jẹ́ onímọ̀ nípa ètò ìṣèlú ló sì ń darí rẹ̀. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ dàgbà ju ilé-iṣẹ́ lọ, nítorí láti ọdún 1993, ọdún tí Ísírẹ́lì àti àwọn olórí Palẹ́sítínì tọwọ́ bọ àdéhùn àlàáfíà Oslo, ni Shikaki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe irú ìwádìí yìí ní ìlú Nablus lábẹ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Bí oṣù mẹ́ta bá ti ń pé, àyàfi tí nǹkan bá dí wọn lọ́wọ́, wọn a lọ bá àwọn àgbàlagbà ní ilé wọn ní Gásà àti ní West Bank, ìyẹn ilẹ̀ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì. Wọn a bi wọ́n ní ìbéèrè lójúkojú, wọn a sì gbé èsì rẹ̀ sórí ìkànnì wọn ní èdè Lárúbáwá àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó fẹ́ kà á kò ní san kọ́bọ̀. Àjọ Konrad Adenauer ti ilẹ̀ Jámánì wà lára àwọn tó ń bá wọn fọwọ́sowọ́pọ̀, orúkọ àjọ náà sì máa ń hàn nínú ìwé wọn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbóríyìn fún ni pé wọn kì í fi ọ̀nà iṣẹ́ wọn pamọ́ fún ẹni tó ń kà á. Kí ìwé kọ̀ọ̀kan tó sọ èsì kankan, yóò ti sọ ọjọ́ tí wọ́n jáde, iye ènìyàn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, iye ibi tí wọ́n dé àti bí àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe lè tó. Ìwádìí tí nọ́ńbà 72 ti jáde wáyé láàárín ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá sí ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ènìyàn 1,231 ni wọ́n bi léèrè, 750 ní West Bank, 481 ní Gásà, wọ́n sì lo ọjọ́ díẹ̀ tí ìjà fi dáwọ́ dúró láti rìn káàkiri inú Gásà. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2024, iye náà ti di 1,580, nítorí pé àwọn ènìyàn ti fọ́n ká kúrò ní ilé wọn, àwọn òṣìṣẹ́ náà sì ń lọ bá wọn nínú ilé-ìwé àti àgọ́ tí wọ́n sá sí. Wọn kò lè dé apá àríwá Gásà, ìwé náà sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Mo dúró pẹ́ lórí ojú ewé yẹn. Láti gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dání lọ bá ìyá kan nínú àgọ́, kí a sì máa bi í ní èrò rẹ̀ nípa ogun tó lé e kúrò nílé, iṣẹ́ tó gba ìgboyà àti sùúrù ni. Ó lé ní ìdajì àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní Gásà lóṣù náà tó sọ pé ogun ti pa ẹnì kan nínú ẹbí àwọn.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti níye lórí jù lọ, lójú tèmi, ni pé wọn kò yéé padà sórí ìbéèrè kan náà. Ẹni tó bá ka ìwé kan ṣoṣo yóò rí nọ́ńbà. Ẹni tó bá kà á láti ọdún dé ọdún yóò rí bí ọkàn àwùjọ kan ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1994, ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún ló fara mọ́ ìkọlù tìbọntìbọn sí àwọn ará Ísírẹ́lì. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta ọdún 1996, ó ti wálẹ̀ dé ìdá 21. Àkókò yìí gan-an ni àwọn àdó olóró Hamas ń dún nínú bọ́ọ̀sì ní Jerúsálẹ́mù, tí ọ̀pọ̀ ará Palẹ́sítínì sì kọ̀yìn sí i. Kí ló fà á? Àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní West Bank. Ní oṣù Kìíní ọdún 1996, wọ́n dìbò yan ààrẹ àti ìgbìmọ̀ aṣòfin tiwọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ wọn gbà nígbà náà pé àwọn tó jókòó sídìí ìdúnàádúrà yóò mú nǹkan bọ̀.

Nǹkan náà kò dé. Iye àwọn Júù tó ń tẹ̀dó sí West Bank ń pọ̀ sí i ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń jíròrò, ìpàdé àlàáfíà Camp David forí ṣánpọ́n ní ọdún 2000, Intifada kejì, ìyẹn ìdìde àwọn ará Palẹ́sítínì sí Ísírẹ́lì, sì bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ní oṣù Keje ọdún 2001, ìdá 92 ló fara mọ́ ìjà tìbọntìbọn sí àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì, ìdá 58 sì fara mọ́ ìkọlù sí àwọn aráàlú nínú Ísírẹ́lì gan-an. Ìbéèrè mìíràn wà nínú ìwé kan náà tí àwọn akọ̀ròyìn kì í sábà dárúkọ: ìdá 70 ló sọ pé ìjà náà ti mú ẹ̀tọ́ tí ìjíròrò kò lè mú wá sọ́wọ́ wọn. Ẹ fi àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ óò rí i pé ìbínú nìkan kọ́ ló ń fèsì. Àwọn ènìyàn ń wo ohun tó ṣiṣẹ́ àti ohun tí kò ṣiṣẹ́, bí ìwòye wọn tilẹ̀ lè kùnà.

Ìwé oṣù Kẹwàá ọdún 2003 ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ọjọ́ 4 oṣù náà, obìnrin kan gbé àdó olóró wọ ilé oúnjẹ Maxim ní ìlú Haifa, ó sì pa ènìyàn 21, àwọn ọmọdé wà lára wọn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ PCPSR ti wà ní ìgboro. Ìdá 75 sọ pé àwọn fara mọ́ ìkọlù náà. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, n kò sì ní wá ọ̀nà láti mú un rọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà, láti ẹnu àwọn ènìyàn kan náà, ìdá 85 ló fẹ́ kí tọ̀tún-tòsì dáwọ́ ìjà dúró. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó fi èkejì sílẹ̀ kò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tó bá mú èkejì tó gbé àkọ́kọ́ pamọ́. Ẹni tí wọ́n bi léèrè lọ́jọ́ yẹn fẹ́ kí ohun tó ń dun òun dun ẹni tó ṣe é, ó sì tún fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dópin.

Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Lẹ́yìn àdó olóró tó dún ní Beersheba ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2004, ìdá 77 ṣì fara mọ́ ọn. Yasser Arafat, olórí àwọn ará Palẹ́sítínì, kú ní oṣù Kọkànlá, wọ́n dìbò yan Mahmoud Abbas rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2005, òun àti Ariel Sharon, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, pàdé ní Sharm el-Sheikh ní ilẹ̀ Íjíbítì ní oṣù Kejì, wọ́n sì kéde pé ìjà dáwọ́ dúró. Ní ìparí oṣù Kejì náà, àdó olóró dún ní Tel Aviv. Nígbà tí àwọn olùwádìí béèrè, ìdá 29 péré ló fara mọ́ ọn, ìdá 67 sì kọ̀ ọ́. Àwọn ènìyàn kan náà ni, láàárín oṣù díẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, bí Ísírẹ́lì ṣe ń kó kúrò ní Gásà, ìdá 84 sọ pé ìṣẹ́gun ni èyí jẹ́ fún àwọn tó gbé ohun ìjà, síbẹ̀ ìdá 62 sọ pé àwọn kò fẹ́ kí ìkọlù máa ti Gásà jáde mọ́. Bí mo bá ní láti fi ojú ewé kan ṣoṣo nínú gbogbo iṣẹ́ yìí han ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé wa, àwọn ojú ewé ọdún 2005 ni n ó fi hàn án.

Àwọn ìwé ìgbà ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023 le láti kà, ó sì yẹ kí a kà wọ́n pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ìdá 72 tí gbogbo ayé gbé kiri jẹ́ àpapọ̀ ìdá 82 ní West Bank àti ìdá 57 ní Gásà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, méjèèjì pàdé ní ìdá 71. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, West Bank ti wálẹ̀ sí 64, Gásà sì já bọ́ sí 39, ìdá 57 níbẹ̀ sì sọ pé ìpinnu náà kò tọ̀nà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn tó pọ̀ jù ní Gásà sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Gásà jẹ́ 37, West Bank jẹ́ 59. Àwọn tó wà lábẹ́ àdó olóró àti àwọn tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n kò ṣe ìṣirò kan náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, lẹ́yìn tí ìjà dáwọ́ dúró, nọ́ńbà Gásà tún gòkè sí 44. Èyí yà mí lẹ́nu, nítorí mo ti rò pé yóò máa wálẹ̀ lọ ni. Mo mọyì ilé-iṣẹ́ tó gbé nọ́ńbà tí kò bá ìtàn kankan mu jáde gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí.

Ìbéèrè kejì wà tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì ju ti ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá lọ, òun ni èyí tó béèrè ọ̀nà tó dára jù láti fòpin sí ìjẹgàba Ísírẹ́lì: ṣé ìjíròrò ni, ṣé ìwọ́de àti àtakò wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, tàbí ìjà tìbọntìbọn? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìdá 63 ló yan ìbọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ó ti di 41. Ìbéèrè yìí kò so mọ́ ọjọ́ kan tàbí ẹgbẹ́ kan, nítorí náà ó rọrùn láti fi wé ti ọdún tó kọjá.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni mo ti fẹ́ sọ àléébù tó ń dùn mí jù. Ìbéèrè nípa ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá sọ pé: ṣé ìpinnu Hamas tọ̀nà àbí kò tọ̀nà? Ẹnì kan lè gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ń béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n ja odi tó yí Gásà ká. Ẹlòmíràn lè gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ń béèrè nípa bí wọ́n ṣe pa nǹkan bí 1,200 ènìyàn, tó jẹ́ pé aráàlú ló pọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n sì kó nǹkan bí 250 lọ. Ìbéèrè náà kò ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìwé PCPSR sọ fúnra rẹ̀ pé fífara mọ́ ìpinnu náà kò túmọ̀ sí fífara mọ́ ìpakúpa aráàlú, ó sì tọ́ka sí i pé ó lé ní ìdá 80 tó gbà pé ìkọlù náà ló dá ọ̀rọ̀ Palẹ́sítínì padà sójú àwọn ará ayé. Wọ́n tún béèrè bóyá àwọn ènìyàn rí fídíò ohun tí àwọn ọmọ ogun Hamas ṣe nínú ilé àwọn aráàlú. Àwọn tó pọ̀ jù ní àwọn kò rí i, wọn kò sì gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó rí i gbà á ju àwọn tí kò rí i lọ lọ́nà tó hàn gbangba. Ojú ewé yìí ló bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ó fi hàn pé ènìyàn lè sọ pé nǹkan tọ̀nà láìjẹ́ kí ojú òun kan ohun tí nǹkan náà jẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n àlàyé pàtàkì bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wà nísàlẹ̀ nígbà tí nọ́ńbà 72 wà lókè. Ó yẹ kí wọ́n pín ìbéèrè náà sí méjì láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ṣé a lè fọkàn tán wọn? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà mo wá ohun tí àwọn tó ń bá wọn jà sọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì gbé ìwé kan jáde tí wọ́n ní àwọn rí ní Gásà, wọ́n sì sọ pé Hamas ti yí èsì ìwádìí oṣù Kẹta padà, pé ìdá 31 ló yẹ kó wà níbi tí wọ́n kọ 71 sí. PCPSR lọ yẹ àkọsílẹ̀ wọn wò, wọ́n sì fèsì pé àwọn kò rí ẹ̀rí kankan tó fi hàn pé ẹnikẹ́ni yí nǹkan padà, nítorí pé bí òṣìṣẹ́ bá ti ń tẹ ìdáhùn sínú tábúlẹ́ẹ̀tì ni ó ń lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn ní Ramallah. Àlàyé yìí mọ́gbọ́n wá lójú mi, mo sì tún wò ó pé ìwádìí oṣù Kẹsàn-án tó tẹ̀ lé e kò dùn mọ́ Hamas nínú rárá, síbẹ̀ wọ́n gbé e jáde. Wọn kò tún bẹ̀rù àwọn ènìyàn tiwọn. Ní oṣù Keje ọdún 2003, wọ́n fẹ́ kéde èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí 4,500 ìdílé ogúnléndé, tó fi hàn pé ìdá 10 péré ló fẹ́ padà lọ gbé nínú Ísírẹ́lì. Àwọn tí inú bí ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Ramallah, wọ́n ba nǹkan jẹ́, wọ́n sì sọ ẹyin lu Shikaki. Èsì náà jáde síbẹ̀.

Wọ́n ti ṣàṣìṣe rí, àṣìṣe ńlá. Ní ìdìbò aṣòfin oṣù Kìíní ọdún 2006, ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́nu ọ̀nà àwọn ibùdó ìdìbò fi Fatah, ẹgbẹ́ Abbas, ṣíwájú. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Hamas ló ní ìjókòó 74 nínú 132. Ẹ̀rù tàbí ìtìjú lè mú kí ènìyàn fi ohun tó wà nínú rẹ̀ pamọ́ fún àjèjì tó ń bi í léèrè, pàápàá níbi tí àwọn tó mú ìbọn lọ́wọ́ ti ń ṣàkóso. Nítorí náà, mo máa ń ka ìyàtọ̀ láti oṣù kan sí òmíràn pẹ̀lú ìgbọ́kànlé ju bí mo ṣe ń ka nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ.

Ìkànnì wọn kò rọrùn fún ẹni tó jẹ́ tuntun. Ìwé kọ̀ọ̀kan gùn, ìbéèrè pọ̀ nínú rẹ̀ bíi iyanrìn, ẹni tó bá sì fẹ́ fi ọdún kan wé òmíràn ní láti ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà jáde bí èmi náà ṣe ṣe. Àwọn mìíràn wà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: Jerusalem Media and Communication Centre wà láti ọdún 1988, ilé-iṣẹ́ AWRAD náà sì wà ní Ramallah. Ó dára láti wò wọ́n nígbà tí iyèméjì bá wà, ṣùgbọ́n PCPSR ni mo ti rí àkọsílẹ̀ tó gùn jù tó sì ṣe é tẹ̀ lé jù lórí ọ̀rọ̀ ìjà. Ìwádìí tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú àwọn olùwádìí Yunifásítì Tel Aviv tún wà, níbi tí wọ́n ti ń bi àwọn Júù Ísírẹ́lì àti àwọn ará Palẹ́sítínì ní ìbéèrè kan náà. N kò mọ irú iṣẹ́ mìíràn tó ní ìgboyà bẹ́ẹ̀ láàárín ogun.

Àwa Yorùbá ní ìdí tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn fi ń ká wa lára. Àwọn Krìstẹ́nì wa ń lọ sí Jerúsálẹ́mù lọ́dọọdún, wọ́n sì ń fi JP kún orúkọ wọn. Àwọn Mùsùlùmí wa ń dárúkọ Al-Aqsa nínú wáàsí. Ìfẹ́ yẹn lè mú kí oníkálukú wa mú nọ́ńbà tó gbe ẹ̀sìn tirẹ̀, mo sì ti rí i ní ojú mi bí ó ṣe ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó jọ ń gbé ojúlé kan.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kó má ṣe kọ́kọ́ ṣí ìwé tó jáde kẹ́yìn. Kó ṣí ti oṣù Kẹwàá ọdún 2003, kó ka ti oṣù Kẹta ọdún 2005 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kó wá ka ti oṣù Kejìlá ọdún 2023 àti ti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 papọ̀, kó sì máa wo ibi tí wọ́n ti ya Gásà sọ́tọ̀ sí West Bank kó tó wo àpapọ̀. Alẹ́ méjì tó láti ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.